Bí Olùṣètò Ìje Bá Wọ Ìje

Kò sí pápá ìje ọkọ̀ ní Erinje ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì sí ní Òkìtìpupa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń bá ara wọn fà, tó jẹ́ pé ó lè tètè yé ará Erinje tó ti dìbò kánsù rí ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ṣé ó yẹ kí ẹni tó gbé ìdíje kalẹ̀, tó kọ ìwé òfin rẹ̀, tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, tó sì ń san owó ẹ̀bùn, tún wọ ọkọ̀ tirẹ̀ kó bá àwọn tó pè wá sá a? Àwọn tó ní kò yẹ máa ń gbé e ka ìwà òótọ́: wọ́n ní yóò rẹ́ àwọn yòókù jẹ. Àwọn tó ní kò burú á dáhùn pé ọmọlúàbí lọ̀gá náà, kì í rẹ́ni jẹ. Ìjà yẹn kò lè parí, nítorí kò sẹ́ni tó rí inú ẹnikejì. Ibòmíràn ni èmi fẹ́ gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí olùṣètò tó wọ ìje ara rẹ̀ kọ́kọ́ pa lára ni òun fúnra rẹ̀, torí bó bá tilẹ̀ borí láìṣe màgòmágó kankan, kò ní ohun tí yóò fi han aráyé pé òun borí.

Ìje tí wọ́n ń pè ní drag racing ló rọrùn láti wò jù nínú gbogbo ìje ọkọ̀. Ọkọ̀ méjì péré ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó nà gbọọrọ. Kò sí kọ́nà, kò sí yíyípo. Ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìyẹn fíìtì 1,320, ni ọ̀nà náà látijọ́. Àwọn ìdíje kan ń lo ìdajì rẹ̀, fíìtì 660. Àwọn ọkọ̀ tó yára jù lọ lábẹ́ NHRA, àjọ tó ń darí ìje yìí ní Amẹ́ríkà, ní tiwọn ti ń sá fíìtì 1,000 láti ọdún 2008, lẹ́yìn tí awakọ̀ Scott Kalitta kú nínú ìjàǹbá ní Englishtown, ní New Jersey. Òpó iná kan wà níwájú àwọn ọkọ̀ méjèèjì tí wọ́n ń pè ní igi Kérésì nítorí àwọn iná aláràbarà tó wà lára rẹ̀. Bí táyà iwájú bá ti kan ìlà, iná kékeré tó wà lókè yóò tàn. Ní ti àwọn ọkọ̀ ńlá, iná aláwọ̀ ọsàn mẹ́ta yóò tàn pa pọ̀, kò sì ní tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan tí iná aláwọ̀ ewé yóò fi tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbéra kí iná ewé tó tàn, pupa ni yóò rí. Ìje ti parí fún un nìyẹn, ì báà ṣáájú ẹnikejì rẹ̀ dé òpin.

Igi Kérésì yìí kò dàgbà tó ìje fúnra rẹ̀. Nígbà tí Wally Parks dá NHRA sílẹ̀ ní 1951, èèyàn ló ń ṣí ìje: ọkùnrin kan á dúró sí àárín ọkọ̀ méjèèjì pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, bó bá ti jù ú sókè, wọ́n ti lọ nìyẹn. Awakọ̀ tó gbówọ́ kì í wo àsíá rárá. Ara ọkùnrin náà ló ń ṣọ́, torí ara a máa mira kí ọwọ́ tó gbéra. Bí alásìíá bá sì fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kan lọ, ta ni yóò rí i? Ní 1963, iná gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ló ń ṣí ìje, ẹ̀rọ ló ń ka àkókò dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ ló sì ń sọ ẹni tó gbawájú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbèjà olùṣètò tó ń wakọ̀ fi máa ń sọ pé kí ló kù tó lè yí? Iná kò mọ olówó, aago kò mọ ọ̀gá.

Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá eré náà. Ìdíje PDRA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 fún àwọn ọkọ̀ tó ń sá fíìtì 660, wà lára àwọn tó gba ọ̀nà yìí: Tommy Franklin tó ni ín náà ti wakọ̀ nínú ìpín Pro Nitrous. Keith Haney, awakọ̀ láti Oklahoma, ló dá ìdíje Mid-West sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ Pro Mod ní 2017, òun náà sì ti sá nínú rẹ̀. N kò fi ẹ̀sùn kankan kan ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì sí ohun tó mú mi rò pé ẹ̀sùn wà. Awakọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó di olùṣètò. Owó tí wọ́n ń ná sórí eré yìí kì í ṣe kékeré, bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́la, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ìdíje náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń lòdì sí wọn kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n aago kọ́ ló ń pinnu irú ọkọ̀ tó lè wá síwájú aago. Nínú ìpín Pro Mod, ẹ́ńjìnnì kò rí bákan náà. Ọkọ̀ kan ń lo supercharger, òmíràn ń lo turbo, òmíràn ń fi gáàsì nitrous kún agbára tirẹ̀. Bí a bá dá wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irú kan ni yóò máa borí lójoojúmọ́. Ìwé òfin ló ń mú wọn bára dọ́gba: ó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe tóbi tó, bí supercharger yóò ṣe yára yí tó, àti pọ́ùn mélòó ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ̀n lórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn ìje. Bí wọ́n bá fi pọ́ùn díẹ̀ kún ti àwọn onítúbò láàárín ọdún, ọ̀nà ti là fún àwọn onínitrous nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iná tàbí aago. Ó lè jẹ́ pé pọ́ùn yẹn tọ́, pé àwọn onítúbò ti ń yára jù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fọwọ́ sí i bá ní ọkọ̀ nitrous tirẹ̀ nínú gáréèjì, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Ti àkókò tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ alẹ́ tutù, ó ki, ẹ́ńjìnnì a máa rí èémí mí sí i nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí àkókò ìdánrawò rẹ̀ bọ́ sí alẹ́ ti ní àǹfààní lórí ẹni tó sá tirẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹnì kan ló ń to àkókò yẹn. Ẹnì kan náà ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò da gọ́ọ̀mù sójú ọ̀nà kí táyà lè dì í mú. Ojúsàájú tó kúrò lọ́wọ́ alásìíá ní 1963, inú irú ìpinnu báyìí ló wọ̀ lọ.

Kí a wá wo ohun tí èyí ń ṣe fún olùṣètò fúnra rẹ̀. Bernie Ecclestone, ará Gẹ̀ẹ́sì, ra ẹgbẹ́ Brabham ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀gá nínú FOCA, ẹgbẹ́ tó kó àwọn oníkọ̀ Formula One jọ, tó ń bá àwọn onípápá dúnàádúrà lórúkọ wọn. Ní 1978, Gordon Murray, tó ń yàwòrán ọkọ̀ fún Brabham, gbé fáànù ńlá kan sí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n pè ní BT46B. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ni fáànù náà ń tù. Lóòótọ́ ó ń tù ú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó máa fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ jáde, kí ọkọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ní kọ́nà bí ẹni tí wọ́n fi àtè lẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, wọ́n gbé e lọ sí Anderstorp ní Sweden. Niki Lauda fi ohun tó lé ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn oníkọ̀ yòókù fárígá, wọ́n sì jẹ́ kí Ecclestone mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá tún jáde, ipò rẹ̀ láàárín wọn kò ní dúró. Ó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀. Wọn kò gba ipò kìíní Sweden lọ́wọ́ Lauda, ṣùgbọ́n BT46B kò sá ìje mìíràn mọ́ láéláé.

Ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí àwọn olùṣètò tó ń wakọ̀ rò dáadáa, torí kò bá ohun tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù mu. Ecclestone kò fi ipò rẹ̀ gba ife fún Brabham. Ipò náà ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Brabham. Ká ní oníkọ̀ lásán ni, ì bá dúró jiyàn òfin rẹ̀ títí àwọn adájọ́ yóò fi dá a, bóyá kó jàre, bóyá kó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú nǹkan méjì dání kò lè ja ìjà kan tán. Murray àti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe ọkọ̀ náà, tí wọn kò sí lórí àga kankan nínú FOCA, àwọn ló pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Bill France, tó wá di bàbá àjọ ìje ọkọ̀ NASCAR ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn bó ti ń dàgbà nínú iṣẹ́. Ní 1938, òun àti alájọṣe rẹ̀ kan gba àkóso ìje etíkun Daytona, ó sì wakọ̀ nínú ìje tó fúnra rẹ̀ ṣètò. Nínú èyí tó wáyé ní oṣù Keje, Danny Murphy ló ṣe kìíní, France ṣe ìkejì. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1947, ó pe àwọn oníje jọ sí ilé ìtura Streamline ní Daytona, ibẹ̀ ni NASCAR ti wáyé, òun sì ni olórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ní 1950, ó bá Curtis Turner lọ sí Mẹ́síkò, wọ́n jọ wa ọkọ̀ Nash nínú ìje Carrera Panamericana, èyí tó gba gbogbo orílẹ̀-èdè náà já láti ààlà kan dé èkejì. Ìje ẹlòmíràn nìyẹn, ìwé òfin ẹlòmíràn, òṣùwọ̀n ẹlòmíràn. Ohun yòówù kó wà lọ́kàn rẹ̀, bó bá borí níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ta ló kọ òfin.

Nílé, ìje tí èyí bá mu jù ni ìdìbò kánsù. Òfin ilẹ̀ wa Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 197 àti 198, fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ elétò ìdìbò tirẹ̀, gómìnà ni yóò yan àwọn tó wà níbẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí i. Gómìnà ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ń du ipò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2025, ODIEC, àjọ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣètò ìdìbò kánsù níbẹ̀, APC tó ń ṣèjọba sì kó ipò alága gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún, Òkìtìpupa tí Erinje wà lábẹ́ rẹ̀ sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀sùn yóò ní wọ́n yí i ni. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì péré ṣáájú, ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ṣe ìdìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Lucky Aiyedatiwa ti APC ní ìbò 366,781, Agboola Ajayi ti PDP ní 117,845, Aiyedatiwa sì gbawájú ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún. Ó ṣeé ṣe kí APC borí ní Òkìtìpupa bó bá jẹ́ áńgẹ́lì ló ka ìbò náà. Ohun tó ń dunni nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ní èèyàn lẹ́yìn lóòótọ́ lọ borí lọ́nà tí kò fi lè fi èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yangàn. Alága kánsù tó wọlé pẹ̀lú ìbò tó mọ́ kò yàtọ̀, lójú ará ìlú, sí ẹni tí wọ́n kàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀ṣun ló jẹ́ kí a mọ ìdí tí ará ìlú fi ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, INEC ṣe ìdìbò gómìnà níbẹ̀. Ademola Adeleke ti PDP ní 403,371, gómìnà tó wà lórí oyè, Gboyega Oyetola ti APC, ní 375,027. Nínú ọgbọ̀n ìjọba ìbílẹ̀, Adeleke mú mẹ́tàdínlógún, Oyetola mú mẹ́tàlá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kí Oyetola tó gbé ìjọba sílẹ̀, OSIEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ náà, ṣe ìdìbò kánsù ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, APC kó ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2025, lábẹ́ Adeleke, OSIEC tún ṣe òmíràn, APC kò dá sí i, PDP sì kó ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Ará Ọ̀ṣun kan náà ni. Ní Ọ̀yọ́ tí PDP ń ṣèjọba nígbà náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP kó mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí ìwé òfin bá ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sá ìje, àwọn tó kù á máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó wá, bí wọn kò bá sì wá, ìje ti di eré ẹyọ ọkọ̀ kan. Àwọn oníje ọkọ̀ tó ń ṣàròyé pé àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ti ń dínkù lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn láti ibẹ̀.

A lè sọ pé INEC náà, ààrẹ ló ń yan alága rẹ̀, ààrẹ sì ní ẹgbẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdìbò Ọ̀ṣun ti 2022 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, APC ló wà ní Àbújá nígbà náà, PDP sì borí. Bí ẹni tó ń darí bá jìnnà sí ẹni tó ń sá ìje, àní bí ìjìnnà náà kò bá tó bó ṣe yẹ, èsì a máa ní ẹ̀rí nínú. Àwọn baba wa ṣe irú ìpínyà yìí nínú ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló fi ìdílé afọbajẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdílé ọmọ oyè: ẹni tó ń yan ọba kì í sí lára àwọn tí wọ́n ń yàn. Ní Ode-Erinje, tí Orungberuwa ń jọba lé lórí, kò sí ẹni tó nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹ̀tẹ́ ni kí afọbajẹ dé ara rẹ̀ ládé, ì báà tilẹ̀ jẹ́ òun ló gbọ́n jù nílùú.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ wá láti inú ìdíje eré ìdárayá àpapọ̀ ilẹ̀ wa. Ìpínlẹ̀ tó gba àlejò a máa díje, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Asaba, ní ìpínlẹ̀ Delta, gba àlejò ní ìparí ọdún 2022, Delta sì ṣe kìíní pẹ̀lú góòlù 320. Ṣé èyí kì í ṣe olùṣètò tó wọ ìje ara rẹ̀? Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ìpínlẹ̀ tó gbàlejò ń pèsè pápá àti ibùsùn. Àjọ eré ìdárayá orílẹ̀-èdè àti àwọn ẹgbẹ́ eré kọ̀ọ̀kan ló ń mú òfin àti fèrè dání. Lójú tèmi, ohun tó tilẹ̀ gba Delta sílẹ̀ jù ni pé wọ́n ṣe kìíní ní Àbújá ní 2018, wọ́n ṣe é ní Benin ní 2021, wọ́n sì tún ṣe é ní Abẹ́òkúta ní 2025. Góòlù tí wọ́n kó nílé pọ̀ ju ti ìta lọ fíìfíì, ẹni tó bá fẹ́ sì lè fi ojú burúkú wo ìyẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ipò kìíní kì í ṣe tiwọn, torí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ onílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àtakò kejì jẹ́ ti àwọn ìdíje kékeré, mo sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdíje bọ́ọ̀lù ìparí ọdún tí àwọn ìlú wa ń ṣe nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó àti Àkúrẹ́ dé, ẹni tó ra ife ló sábà máa ń ní ẹgbẹ́ kan nínú rẹ̀. Ta ni ì bá tún ra ife? Bí a bá ní kó yọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè yọ owó rẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni pé kí òun náà yan rẹfirí, kí òun náà gbọ́ ẹ̀sùn pé agbábọ́ọ̀lù kan kì í ṣe ọmọ ìlú, kí òun náà sì sún àṣekágbá síwájú nítorí pé gọ́ọ̀lì rẹ̀ fẹsẹ̀ rọ́. Rẹfirí láti Ìkòyà tàbí Igbotako kò wọ́n, owó mọ́tò rẹ̀ kò sì tó owó ife.

Bákan náà ni mo rí i fún àwọn oníje ọkọ̀. Kí olùṣètò tó fẹ́ wakọ̀ tẹ ìwé òfin jáde kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì ní agbára láti yí pọ́ùn kan padà títí ọdún yóò fi parí. Bí àtúnṣe bá di dandan, kí ìgbìmọ̀ tí kò ní ọkọ̀ nínú ìpín náà ṣe é. Kí àwọn tó ń wọn ọkọ̀ lórí òṣùwọ̀n gba owó iṣẹ́ wọn láti inú àpò tí olùṣètò kò lè tì. Kí owó ẹ̀bùn wà ní báǹkì kí ìje àkọ́kọ́ tó wáyé, torí bí olùṣètò bá ṣe ìkejì sí ẹni tó jẹ lówó, a kò mọ̀ bóyá gbèsè ni wọ́n jọ ń sá lé. Bí èyí bá pọ̀ jù fún un, kó sá ìje ìfihàn tí kò ní máàkì, tàbí kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń lo ìwé òfin ẹlòmíràn, bí France ṣe lọ sí Mẹ́síkò. Awakọ̀ tó fẹ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ ní ìbéèrè kan tó lè béèrè lẹ́nu géètì: bí ọkọ̀ ọ̀gá bá fúyẹ́ ju iye tó yẹ lọ lórí òṣùwọ̀n, orúkọ ta ni yóò wà lábẹ́ ìwé tí yóò lé e jáde? Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti ẹni tí ọ̀gá lè lé kúrò níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó fi owó rẹ̀ sápò.